Ẹ̀bùn Orin àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ: Ìdí Tí Synthesizer Fi Nílò Méjèèjì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tàbí tí ẹ dé òde àríyá lálẹ́ Sátidé, ó ṣòro kí ẹ má rí kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sídìí ẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ óò gbọ́ ohùn fèrè, ohùn gòjé, ohùn dùùrù, kódà ohùn ìlù, látinú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ohun táwọn kan máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kí lẹni yẹn ń ṣe gan-an?" Àwọn míì gbà pé ẹni tó bá ti ní ẹ̀bùn orin látinú ìyá ẹ̀ wá ò nílò kó mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, kó ṣáà ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Èrò méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Ìtàn synthesizer láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé orin tó dáa látinú ẹ̀rọ yìí máa ń wá nígbà tí ẹ̀bùn orin àti ìmọ̀ ẹ̀rọ bá pàdé. Wọ́n lè pàdé lára ẹnì kan, wọ́n sì lè pàdé láàárín èèyàn méjì tó jọ jókòó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà nílẹ̀ Yorùbá, torí bí àwọn tó mọ orin wa ò bá mọ ẹ̀rọ, àwọn tó mọ ẹ̀rọ ni yóò máa pinnu bí orin wa yóò ṣe dún.

KÍ NI SYNTHESIZER GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tá a mọ̀. Bí onígìtá bá ta okùn gìtá, okùn yẹn ló ń gbọ̀n. Bí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu dùndún, awọ ló ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ títí tó fi dé etí wa, òun là ń gbọ́ bí ohùn. Nínú synthesizer, kò sí okùn, kò sí awọ. Iná mànàmáná ló ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná yẹn á gba wáyà lọ sínú spíkà, spíkà á gbọ̀n, etí wa á gbọ́.

Bó bá lọ sókè tó wá sílẹ̀ nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó máa jáde ni èyí tí àwọn olórin ń pè ní A, tí wọ́n sábà fi ń tún ohùn irinṣẹ́ wọn ṣe káàkiri àgbáyé. Ẹ sọ ọ́ di 880, ohùn kan náà ni, àmọ́ ó ti gòkè. Ẹ sọ ọ́ di 220, ó ti wálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú ẹ̀rọ náà.

Àkọ́kọ́ ni orísun ohùn, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní oscillator. Ibẹ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn tó mọ́ tó sì rọ̀, bíi ti ẹni tó ń súfèé, ló máa fún wa. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tó wá já wálẹ̀ lójijì bí eyín ayùn, ohùn tó le, tó ń dún gan-an-ran bíi ti kàkàkí ló máa jáde.

Ìkejì ni asẹ́, ìyẹn filter. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí máa tètè lóye èyí. Bí asẹ́ ṣe ń dá èérí ògì dúró tí omi ògì ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ inú synthesizer ṣe máa ń dá àwọn ohùn tó ga tó ń ta létí dúró, tí á jẹ́ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Ohùn tó le á wá rọ̀, bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè ṣí asẹ́ yìí tàbí kó pa á dé bí orin bá ṣe ń lọ.

Ìkẹta ni ìrìn ohùn, èyí tí wọ́n ń pè ní envelope. Ẹ lu agogo: ojú ẹsẹ̀ ló máa dún, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa lọ sílẹ̀. Ẹ ta gòjé: ohùn á yọ díẹ̀díẹ̀, á sì dúró títí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á fi máa ṣíwọ́. Bí ohùn ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe rọlẹ̀, bó ṣe dúró, àti bó ṣe parí, ìrìn ẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú ohùn kan náà, ẹ fún un ní ìrìn agogo, etí á gbọ́ ohun tí wọ́n lù. Ẹ fún un ní ìrìn gòjé, etí á gbọ́ ohun tí wọ́n ta.

Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tó wà lọ́jà wa lónìí, ohùn irinṣẹ́ gidi tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló wà nínú wọn, wọn kì í ṣe ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, asẹ́ àti ìrìn ohùn wà nínú púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ àwọn tó ń lò wọ́n kì í débẹ̀ rárá.

Títí dé ibi tá a dé yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ibi tó yẹ kí asẹ́ yẹn dúró? Ta ló máa mọ̀ pé ohùn yìí le jù fún orin ìsìnkú, tàbí pé ó ti rọ̀ jù fún orin ijó? Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ ò lè sọ ìyẹn fún èèyàn. Etí olórin ló mọ̀ ọ́n.

MOOG ÀTI DEUTSCH: ỌWỌ́ MÉJÌ, IṢẸ́ KAN

Robert Moog, ọmọ New York ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1934, kọ́ dùùrù ní kékeré, àmọ́ ẹ̀rọ ló wu ọkàn ẹ̀ jù. Ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Cornell. Lọ́dún 1964, òun àti olórin kan, Herbert Deutsch, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórin ní Hofstra, jọ jókòó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí iná mànàmáná á máa darí ohùn ẹ̀.

Deutsch ò lè so wáyà pọ̀ bíi ti Moog. Moog náà ò sì mọ ohun tí olórin máa ń fẹ́ lójú ijó. Deutsch ló ṣàlàyé fún un pé kò tó kí ohùn kàn máa dún lọ bí ẹ̀rọ ọlọ, ó yẹ kí olórin lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó sì parí ẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bọ́tìnì agogo ẹnu ọ̀nà lásán ni wọ́n rà tí wọ́n fi dán an wò. Ibẹ̀ ni ìrìn ohùn tá a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wọnú ẹ̀rọ Moog. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló ṣẹ: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

WENDY CARLOS: MÉJÈÈJÌ LÁRA ẸNÌ KAN

Ní ti Wendy Carlos, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìmọ̀ méjèèjì. Ó kọ́ orin àti físíìsì ní yunifásítì Brown, ó tún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ ní Columbia. Lọ́dún 1968, àwo orin ẹ̀ tó ń jẹ́ Switched-On Bach jáde. Orin Johann Sebastian Bach, ọmọ Jámánì tó kú lọ́dún 1750, ló gbé sórí ẹ̀rọ Moog.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹn rọrùn o. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yẹn lè dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan péré ló máa gbọ́. Orin Bach ní tiẹ̀, ohùn mẹ́ta, mẹ́rin ló sábà máa ń lọ pọ̀ nínú ẹ̀. Carlos ní láti tẹ ohùn kan, kó gbà á sílẹ̀, kó tún padà tẹ ìkejì lé e, títí gbogbo ẹ̀ á fi pé. Ẹ̀rọ yẹn tún máa ń ṣìnà lójijì, ohùn ẹ̀ á yà kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, wọ́n á sì tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó lò gan-an, òun fúnra ẹ̀ ló tò ó pọ̀.

Ẹni tó mọ wáyà nìkan ì bá ti mú kí ohùn jáde, àmọ́ kò ní mọ̀ bóyá orin náà ń mí. Ẹni tó mọ Bach nìkan ì bá ti jáwọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn Grammy mẹ́ta ni àwo yẹn gbà. Méjì jẹ́ ti orin fúnra ẹ̀, ìkẹta jẹ́ ti iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀.

STEVIE WONDER ÀTI ÀWỌN ONÍMỌ̀ Ẹ̀RỌ MÉJÌ

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Stevie Wonder, olórin ọmọ Amẹ́ríkà tí kò ríran. Lọ́dún 1971, tó di ọmọ ọdún 21, ó wá Malcolm Cecil àti Robert Margouleff lọ sí New York. Àwọn méjèèjì ti to synthesizer oríṣiríṣi pọ̀ di ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TONTO, wọ́n sì ti fi ṣe àwo orin kan. Stevie gbọ́ àwo yẹn, ó sì fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kan ẹ̀rọ tó ń dún bẹ́ẹ̀.

TONTO kún fún bọ́tìnì àti wáyà. Ẹni tó ríran gan-an, orí ẹ̀ lè dàrú níwájú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe wá ṣe é ni pé Stevie ń tẹ̀ ẹ́, Cecil àti Margouleff ń yí bọ́tìnì. Stevie á sọ irú ohùn tó wà lọ́kàn ẹ̀, wọ́n á wá a títí wọ́n á fi rí i, ọwọ́ Stevie á wá fi ẹ̀mí sí i. Cecil fúnra ẹ̀ kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lásán, olórin jazz tó ń ta gìtá ńlá oníbéèsì ni kó tó di pé ó ń to ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé.

Àwo orin mẹ́rin tó lórúkọ ló jáde látinú àjọṣe yẹn: Music of My Mind àti Talking Book lọ́dún 1972, Innervisions lọ́dún 1973, Fulfillingness' First Finale lọ́dún 1974. Innervisions gba Grammy gẹ́gẹ́ bí àwo orin tó dáa jù lọ́dún yẹn, Cecil àti Margouleff náà sì gba tiwọn fún iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀.

OLÓRIN TÓ RÍ OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ Ẹ̀RỌ Ò RÍ

Nígbà míì, etí olórin ló máa ń ṣáájú, tí ẹ̀rọ á wá tẹ̀ lé e. John Chowning, olórin ní yunifásítì Stanford, ń fi kọ̀ǹpútà dán ohùn wò lọ́dún 1967. Ó ń mú kí ohùn kan máa gbọ̀n bí àwọn akọrin ṣe máa ń gbọn ohùn. Ó mú kí gbígbọ̀n náà yá sí i, ó tún yá sí i. Nígbà tó yá, etí ẹ̀ ò gbọ́ gbígbọ̀n mọ́, ohùn tuntun pátápátá ló ń gbọ́. Ẹlòmíì ì bá rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Chowning mọ̀ pé ohun tó ṣeé fi kọrin ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe dùùrù ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Yamaha ti ilẹ̀ Japan ló gbà á. Lọ́dún 1983, wọ́n gbé DX7 jáde, kíbọ́ọ̀dù tí ohùn ẹ̀ gba gbogbo orin ayé kan nígbà yẹn, látorí orin ìfẹ́ dé orin ìyìn. Owó tí Stanford rí lórí ohun tí Chowning ṣàwárí yìí lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là.

Ẹ̀kọ́ míì tún wà nínú DX7. Ẹ̀rọ yẹn le púpọ̀ láti tò, ojú gíláàsì tó ń fi nǹkan hàn kéré. Ọ̀pọ̀ tó rà á ò jìnnà ju ohùn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí orin púpọ̀ láti ìgbà yẹn fi ń dún bákan náà. Àwọn díẹ̀ tó jókòó kọ́ ọ, bíi Brian Eno ti Ìlú Ọba, ni ohùn tiwọn yàtọ̀.

NÍLÉ NÍBÍ ŃKỌ́?

Nàìjíríà ò gbẹ́yìn. William Onyeabor jókòó sí Enugu, ó ń gbé àwo orin jáde láàárín ọdún 1977 sí 1985, synthesizer sì kún inú wọn bámúbámú. Òun ló ń kọ orin, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ tiẹ̀ tó ń jẹ́ Wilfilms ló sì ń gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, ó pa orin ayé tì. Lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà ṣàkójọ orin ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí ohùn tí wọ́n ṣe ní Enugu kí wọ́n tó bí wọn. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2017.

Nínú orin jùjú, Ọba orin Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde lọ́dún 1983, ó sì tún gbé Aura jáde lọ́dún 1984. Nínú Aura, ẹ óò gbọ́ synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá àti dùndún, Stevie Wonder tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yìí sì fọn fèrè àfẹnufà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ wọlé, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé jùjú ṣì ni.

Ẹ JẸ́ KÁ FI DÙNDÚN DÁN AN WÒ

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi synthesizer ṣe ohùn tó jọ dùndún. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ á ní: mú ohùn tó rọ̀, tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fún un ní ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó sì tètè parí. Fi ariwo díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó lè dún bí kọ̀ǹgọ́ tó ba awọ. Òótọ́ ló sọ, ohùn náà á jọ ìlù.

Ṣé ìlù náà ń sọ̀rọ̀? Rárá o. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá sì pe "ìwé", ohùn náà kì í kàn fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, ńṣe ló máa ń yọ̀ gòkè. Onílù mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọ̀já ìlù mọ́ra, tó tún ń dẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, àkàsọ̀ ló ní: láti bọ́tìnì funfun sí dúdú, kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì.

Àmọ́ ẹ wo apá òsì ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Táyà kékeré kan wà níbẹ̀, tàbí ọ̀pá kan, tí wọ́n ń pè ní pitch bend. Òun ni wọ́n fi ń fa ohùn sókè tàbí sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó fò. Bó ṣe máa ń wá láti ilé iṣẹ́, àkàsọ̀ méjì péré ló máa ń fa ohùn gba apá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kéré fún dùndún. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ ẹ̀ lè wọ ibi ètò inú ẹ̀, kó sọ méjì yẹn di méje tàbí méjìlá. Ó wá ku ẹni tó mọ ohun tí ìlù máa ń sọ, tí ọwọ́ òsì ẹ̀ á máa yí táyà yẹn bí apá onílù ṣe ń fún ọ̀já.

Ẹ rí i pé ọgbọ́n méjèèjì ló pàdé níbẹ̀. Ẹni tó mọ ètò inú ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ìlù á kàn máa yí táyà kiri ni, á dà bíi pé ẹ̀rọ ń kígbe. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù tí kò mọ̀ pé méjì yẹn ṣeé yí padà máa sọ pé, "Ẹ̀rọ òyìnbó ò lè sọ Yorùbá," á sì gbé e jù síbẹ̀.

KÍ LẸNI TÓ Ń KỌ́ṢẸ́ LÈ ṢE?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi kíbọ́ọ̀dù jẹun lónìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lóde àríyá àti nílé ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn ohun mélòó kan rèé tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó kó owó lé tuntun. Ẹ wá ibi tí asẹ́ wà, wọ́n sábà máa ń kọ cutoff síbẹ̀. Ẹ wá ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ohùn wà, ìyẹn attack àti release. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí sí ìyàtọ̀ tó mú wá. Bí ohùn tẹ́ ẹ ṣe bá dáa, ẹ tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀rọ.

Bí ẹ ò bá ní synthesizer, tí kọ̀ǹpútà bá wà, ètò ọ̀fẹ́ wà tẹ́ ẹ lè fi kọ́ ọ. Surge XT jẹ́ ọ̀kan, ẹnikẹ́ni lè gbà á látorí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó, gbogbo iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tá a ṣàlàyé ló sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà àmọ́ tí ẹ ò kọ́ orin, ẹ lọ jókòó ti onílù. Ẹ kọ́ irinṣẹ́ kan tí kò lo iná, ìbáà ṣe agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ibi tó yẹ kí ohùn wọlé àti ibi tó yẹ kó dákẹ́. Ẹ̀yin olórin náà, ẹ má tijú láti bi ọmọ tó kéré sí yín léèrè bí wọ́n ṣe ń wọ ètò inú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá sì rí i pé méjèèjì ò lè wà lára ẹnì kan, ẹ wá ẹnìkejì. Deutsch rí Moog, Stevie Wonder rí Cecil àti Margouleff. Ẹ kàn jẹ́ kó yé ara yín látìbẹ̀rẹ̀, kí orúkọ ẹni tó to ohùn wà lára iṣẹ́ náà, kó sì rí tiẹ̀ gbà nígbà tówó bá wọlé.

Ẹ̀rọ tuntun ò ní yéé jáde. Lára wọn á máa tò ohùn fúnra wọn, wọ́n á sì máa rọrùn láti lò. Àmọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ní Japan tàbí Amẹ́ríkà ò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó jókòó sídìí bọ́tìnì yẹn.